ÌPÍNDỌ́GBA NÌKAN Ò TÓ O

 

Ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ la mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Bí a bá fẹ́ dá owó láti tún òrùlé ìsọ̀ ṣe, àwọn kan á ní, "Ẹ ṣírò ìpíndọ́gba èrè wa, ká fi mọ iye tí kálukú máa san." Ó dùn létí, àmọ́ ó lè ni ẹlòmíràn lára. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ká ní ìyá méje ló ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Omifunfun níbí. Lọ́jọ́ ọjà kan, èrè àwọn mẹ́fà rèé: ₦4,000, ₦5,000, ₦5,000, ₦6,000, ₦7,000 àti ₦8,000. Ẹnì keje ń kó ọjà kún ọkọ̀ gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó. Òun jèrè ₦70,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di ₦105,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà méje, ₦15,000 ni ìpíndọ́gba. Àmọ́ nínú àwọn méje yìí, ta ló jèrè ₦15,000? Kò sí! Àwọn mẹ́fà ò tiẹ̀ dé ₦10,000.

Ọ̀nà kejì rèé. Ẹ to owó náà láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ mú ti àárín gbùngbùn. Mẹ́ta wà níwájú, mẹ́ta wà lẹ́yìn: ₦6,000 ni ti àárín.

Ẹ wá fi méjèèjì wé ara wọn. Bí wọ́n bá súnmọ́ra, owó náà ò fì sápá kan púpọ̀. Bí ìpíndọ́gba bá ga ju àárín lọ, ó lè jẹ́ pé àwọn díẹ̀ tí owó wọn pọ̀ ló fà á sókè. Bó bá kéré sí i, ó lè jẹ́ pé àwọn díẹ̀ tó pàdánù ló fà á wálẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹnì kan bá jẹrà lójú ọ̀nà. Karl Pearson, ọ̀mọ̀wé ará England tó kú ní 1936, fi ìyàtọ̀ méjèèjì yìí wọn bí iye ṣe fì sápá kan tó. Àmọ́ ẹ má fi ọjọ́ ọjà kan péré dájọ́. Ẹ kọ ti ọjọ́ púpọ̀ sílẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ bá ní ká san ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpíndọ́gba, ₦1,500 ni. Ẹni tó jèrè ₦4,000 á san ju ìdá kan nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ lọ. Ẹni tó jèrè ₦70,000 ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá lo ti àárín, ₦600 ni, àmọ́ ₦4,200 péré la máa rí kó jọ dípò ₦10,500. Bí kálukú bá wá san ìdá kan nínú mẹ́wàá èrè tirẹ̀ ńkọ́? ₦10,500 náà ló máa pé, kò sì ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Àwọn àgbà ní ọmọ ìka ò dọ́gba. Bí wọ́n bá ka ìpíndọ́gba síta ní ìpàdé, ẹ má kàn mi orí. Ẹ béèrè pé, "Èló ni ti àárín?"

Ajé á máa bá wa gbé o.