Kí ẹ tó ra òrùka dáyámọ́ńdì
Ẹ̀yin òbí, 18K tí ẹ ń rí nínú òrùka ìgbéyàwó kò sọ nǹkan kan nípa dáyámọ́ńdì orí rẹ̀. Góòlù ló ń sọ: ìdá 18 nínú 24. Káràtì ti òkúta, ìwọ̀n ni. Káràtì 1 kò ju gíráàmù 0.2 lọ.

Kì í ṣe gbogbo dáyámọ́ńdì ló yẹ òrùka. Ẹ̀yin àgbà Ọ̀fà tí ẹ gbé Gánà kí wọ́n tó lé wa ní 1969 lè rántí ti Akwatia: ara irinṣẹ́ ni wọ́n ń lo ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí.

Ẹ wo àwọ̀ àti àbàwọ́n inú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe gé e. Gígé ló ń mú un tàn. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò, irú ti GIA Amẹ́ríkà, kí ọmọ yín fi nọ́ńbà rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó.