Ǹjẹ́ O Ń Dàgbà Nínú Olúwa?

Bí ìyá bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì a kọ́kọ́ gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n. Bí ọmọ kò bá tẹ̀wọ̀n ju bí ó ti rí ní oṣù tó kọjá lọ, ara ìyá kì í balẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa tí a ti di àtúnbí láti ọdún 10 tàbí 20 sẹ́yìn kò tíì gbé ara wa sórí ìwọ̀n rí. A rò pé bí ọdún ti ń gorí ọdún nínú ìjọ, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń dàgbà.

Ìjọ Tí Ẹ̀bùn Pọ̀ Sí

Ẹ jẹ́ kí a wo ìjọ Kọ́ríńtì. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gbé láàárín wọn fún ọdún 1 àti oṣù 6, ó ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run (Ìṣe Àwọn Àpósítélì 18:11). Wọ́n ń fi èdè fọ̀, wọ́n ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹ̀bùn Ẹ̀mí tí wọ́n ṣaláìní (1 Kọ́ríńtì 1:7). Bí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ bá wà ládùúgbò wa lónìí, èrò yóò máa wọ́ lọ síbẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí wọn láti Éfésù, ọmọ ọwọ́ ni ó pè wọ́n, tí kò tíì lè jẹ oúnjẹ líle (3:1-3). Kí ló fà á? Owú àti ìjà ni. Wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú àwọn aláìgbàgbọ́ (6:6). Níbi tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ Olúwa pàápàá, ebi ń pa àwọn kan, àwọn mìíràn sì ti mu yó (11:21).

Ará, a lè gba ẹ̀bùn ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n èso a máa gba àkókò kí ó tó pọ́n (Gálátíà 5:22-23).

Gbé Ara Rẹ Sórí Ìwọ̀n

Nínú ìwé rẹ̀ kejì, Pọ́ọ̀lù rọ àwọn ará Kọ́ríńtì yìí kan náà pé kí wọ́n yẹ ara wọn wò (13:5). Ara wọn ni ó ní kí wọ́n yẹ̀ wò o, kì í ṣe ti aládùúgbò. Nítorí náà, bi ara rẹ léèrè:

1. Nínú ilé ńkọ́? Bí ọkọ rẹ, ìyàwó rẹ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ bá dìde jẹ́rìí nípa rẹ níwájú ìjọ, kí ni yóò sọ?

2. Bí a bá ṣẹ̀ ọ́ ńkọ́? Bóyá oṣù 3 ni o máa ń di ènìyàn sínú tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ti di ọjọ́ 3 báyìí, o ń dàgbà, bí o kò tilẹ̀ tíì débi tí ó yẹ.

3. Owó ńkọ́? Ìwọ tí ìdámẹ́wàá rẹ ń pé lóṣooṣù, ṣé owó iṣẹ́ télọ̀ rẹ náà ń pé?

4. Ta ni o ń tọ́? Ìwé Hébérù 5:12 bá àwọn kan wí, tí ó yẹ kí wọ́n ti di olùkọ́, ṣùgbọ́n tí a ṣì ń kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Bí O Kò Bá Tẹ̀wọ̀n

Má ṣe sọ̀rètí nù. Jòhánù Máàkù fi Pọ́ọ̀lù àti Bánábà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ní Pàmífílíà, Pọ́ọ̀lù sì kọ̀ láti tún mú un lọ (Ìṣe 15:38). Bánábà ni ó gbà á mọ́ra. Ní ìgbẹ̀yìn ayé Pọ́ọ̀lù, òun kan náà ni ó ránṣẹ́ sí Tímótì pé kí ó mú Máàkù wá, nítorí ó wúlò fún òun (2 Tímótì 4:11). Ẹni tí a kọ̀ ti di ẹni tí a ń ránṣẹ́ pè!

Ní alẹ́ òní, bi ọ̀kan nínú àwọn ará ilé rẹ pé: "Kí ni o rí tí ó ti yí padà lára mi láti ọdún tó kọjá?" Bí ó bá dáhùn, má ṣe bá a jiyàn. Gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Olúwa lórí eékún rẹ. Ẹni tí ó sọ ọ́ di ọmọ kò fẹ́ kí o wà ní ọmọ ọwọ́ títí.

Kí Olúwa mú wa dàgbà ní orúkọ Jésù. Àmín.