Ẹnu Ibodè: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sanwó Ọ̀nà?

Nínú ìtàn àwọn baba wa, ibodè kan wà tí ẹ̀dá kankan kò lè gba ẹ̀bùrú yẹ̀ sílẹ̀. Oníbodè ọ̀run ni ó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ti yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò sọ ohun tó ń lọ ṣe láyé, kí ó tó kọjá. Ìtàn yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ ibodè kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ọ̀rọ̀ Faransé náà, péage, tó dé etí wa, a ti ní oníbodè, a sì ti ń san owó ibodè.

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Ẹni tó bá kó epo pupa, gàrí tàbí àgbàdo láti Banigbé tàbí Daagbé lọ tà ní Kútọnu yóò gba Àjàṣẹ́ kọjá, yóò sì kan ibodè Ekpè kí ó tó wọ ìlú. Ẹni tó bá kọjú sí ìlà oòrùn, Igolo ni yóò gbà dé Ìdí-Ìrókò. Ọ̀nà ni oúnjẹ wa. Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ bá bi wá pé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn sá fún owó ibodè, ìbéèrè ńlá ni. A ó gbìyànjú láti dá wọn lóhùn láìṣe ojúsàájú.

Ibodè àwọn baba wa

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, odi ló yí ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá ká, ẹnu ibodè sì wà lára odi náà. Oníbodè jókòó síbẹ̀, ó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń ru ẹrù kọjá. Ọba àti àwọn ìjòyè ni wọ́n ń pín owó náà, àwọn oníṣòwò sì ń retí pé kí ọ̀nà wà láìléwu. Títí di òní, Bódè ni orúkọ ọjà kan ní Ìbàdàn, níbi tí ẹnu ibodè ìlú wà nígbà kan.

Owó náà kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó fẹ́ kí àwọn Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà wọn sílẹ̀, wọ́n ṣèlérí láti máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó ibodè tí Ìjẹ̀bú yóò pàdánù. Àdéhùn náà kò pẹ́ tí ó fi dàrú. Nígbà tó fi di oṣù Èbìbí ọdún kan náà, ogun ti dé Ìmàgbọ̀n. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ẹni tó di ọ̀nà mú, ọrọ̀ ló dì mú. Ẹni tí a bá sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a fi owó náà ṣe.

Nígbà tí àwọn ènìyàn kọ̀ láti san

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀. Láàárín ọdún 1839 sí 1843, àwọn àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Wales ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó ẹfun tí wọ́n ń bù sí oko, wọ́n sì ń sanwó ní ibodè kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí ó sú wọn, àwọn ọkùnrin wọ aṣọ obìnrin lóru, wọ́n ń wó ibodè lulẹ̀. Rèbékà ni wọ́n ń pe olórí wọn, nítorí ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ pé wọ́n súre fún Rèbékà kí irú-ọmọ rẹ̀ lè gba ẹnu ibodè àwọn tó kórìíra wọn. Ìjọba rán ọmọ ogun sí wọn, ṣùgbọ́n ó tún rán àwọn tí yóò gbọ́ ẹjọ́ wọn. Òfin ọdún 1844 gé owó ibodè orí ẹfun sí ìdajì.

Nàìjíríà, aládùúgbò wa, gba ọ̀nà mìíràn. Ní ìparí ọdún 2003 wọ 2004, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pa ibodè rẹ́ ní àwọn ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, ó ní owó tó wà lórí epo bẹntiróò yóò tó tún ọ̀nà ṣe. Gbogbo ẹni tó ń ná àwọn ọ̀nà náà mọ bí kòtò ti pọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ní oṣù Ògún ọdún 2021, ìjọba fọwọ́ sí ìlànà tuntun láti dá owó ibodè padà. Ọ̀nà ọ̀fẹ́ kò sí níbì kankan. Bí a kò bá san án ní ibodè, a ó san án lórí epo, tàbí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbà á ṣe pàtàkì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ní Lẹ́kí, l'Ékòó, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2011, àwọn ará àdúgbò fi ẹ̀hónú hàn, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn lọ́fẹ̀ẹ́ tipẹ́ ni ibodè wá dúró lé lórí. Ní Abidjan, afárá kẹta, èyí tí a fi orúkọ Henri Konan Bédié pè, ṣí ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2014. Owó ni wọ́n ń san lórí rẹ̀, àmọ́ afárá Houphouët-Boigny àti ti Charles-de-Gaulle wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹni tó ń kánjú sanwó, ẹni tí kò ní gba ibòmíràn.

Ẹrù wo ló ń ba ọ̀nà jẹ́?

Ìka kò dọ́gba, ọkọ̀ náà kò sì dọ́gba. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù rìn léraléra lórí ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ìdánwò. Wọ́n rí i pé bí ìwúwo tó wà lórí ọ̀pá táyà kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀nà ń di bí ìlọ́po 16. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ kékeré tó kó apẹ̀rẹ̀ ata kò fi bẹ́ẹ̀ pa ọ̀nà lára. Àjàgbé tó kó ẹrù kọjá ìwọ̀n ni ó ń fọ́ ọ̀dà.

Ìdí nìyí tí àjọ UEMOA fi ṣe òfin kẹrìnlá rẹ̀ ní ọdún 2005, pé kí a máa wọn ọkọ̀ akẹ́rù, kí a sọ èyí tó bá pọ̀jù kalẹ̀, kí olówó rẹ̀ sì san ìtanràn. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ìwọ̀n fi ń bá ibodè rìn ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.

Gbèsè ẹ̀bùrú

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó gba ẹ̀bùrú. Awakọ̀ tó sá fún ibodè rò pé ìjọba ni òun rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ló gbà? Ọ̀nà abúlé ni, ọ̀nà ilẹ̀ pupa tí a ṣe fún alùpùpù, kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí òjò bá rọ̀, tí àjàgbé sì kọjá níbẹ̀, poro tí táyà rẹ̀ gbẹ́ di adágún omi. Ọmọ ilé ìwé yóò bọ́ bàtà. Aboyún tó ń lọ sí ilé ìwòsàn yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. Àgbẹ̀ tí kò dé ibodè rí ni ó ń san owó tí awakọ̀ náà kò san.

Síbẹ̀, a kò ní dá awakọ̀ nìkan lẹ́bi. Ní agbègbè ààlà bí tiwa, ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo okùn tí a ta sójú ọ̀nà ni ó ní ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó ti sanwó níbi mẹ́ta láìgba ìwé, ojú kan náà ni yóò fi wo ibodè tòótọ́. Owó tí kò ní ìwé ń kọ́ ènìyàn láti sá fún èyí tó ní.

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún àwọn ọ̀dọ́ nìyí. Owó ibodè jẹ́ ẹ̀tọ́ bí ohun mẹ́rin bá pé: kí ìwé ẹ̀rí wà fún gbogbo owó tí a bá gbà; kí ẹrù wúwo san ju ẹrù fífúyẹ́ lọ; kí iṣẹ́ tí a fi owó náà ṣe hàn sójú; kí ọ̀nà tó dára díẹ̀ sì wà fún ẹni tí kò ní. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìpàdé ìlú ni ká ti sọ ọ́, àti níwájú àwọn aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Àwọn ará Wales wó ibodè lóru, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a gbọ́ ní ọ̀sán ni ó gé owó wọn sí ìdajì.

Ẹ gba ìwé yín, ẹ ka iye tó wà lórí rẹ̀, ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá lọ béèrè ọ̀nà Tchaada tàbí ti Lagbé, ìwé náà ni a ó tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn.