Mọ̀tẹ́ẹ̀lì Lorraine: Ta ló yẹ kó máa gbé ilé tí wọ́n ti pa King?

Ẹ tẹ Lorraine Motel sórí Google. Àwòrán tó máa kọ́kọ́ yọ ni ti bákónì kan tí wọ́n fi òdòdó pupa àti funfun kọ́, níwájú yàrá 306, ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ọdún 1968. Ìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ilé yẹn gan-an lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọdún 1945 ni Walter Bailey, ọmọ aláwọ̀ dúdú, rà á. Ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀, Loree, àti orin “Sweet Lorraine” sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà yẹn, tó o bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, owó lè kún àpò ẹ bámúbámú, òtẹ́ẹ̀lì àwọn aláwọ̀ funfun ò ní gbà ẹ́ sùn. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní Green Book, tó ń júwe ibi tí wọ́n ti máa gba èèyàn dúdú láyè. Lorraine wà nínú ẹ̀. Òpópónà Mulberry ló wà, ní ìtòsí South Main, àdúgbò àtijọ́ ní àárín ìlú Memphis.

Àwọn olórin fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni Steve Cropper àti Eddie Floyd ti kọ orin “Knock on Wood”. Aláwọ̀ funfun ni Cropper, dúdú ni Floyd. Ẹ ronú ẹ̀ wò: ní Memphis ìgbà yẹn, òtẹ́ẹ̀lì mélòó ni irú àwọn méjì yẹn ti lè jókòó pa pọ̀ kí wọ́n máa ta gìtá?

Ọ̀rọ̀ àwọn kólẹ̀kódọ̀tí ló gbé King lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1968, ọkọ̀ ìkólẹ̀ lọ méjì nínú wọn pa, ni àwọn yòókù bá daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé páálí kọ́rùn pé èèyàn làwọn náà. King wá ti iṣẹ́ wọn lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, rọpárọsẹ̀ kọlu Loree Bailey. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, ọjọ́ ìsìnkú King, lòun náà kú. Látìgbà náà, ọkọ rẹ̀ ò fi yàrá 306 gba àlejò mọ́.

Òwò ò tún wá lọ dáadáa mọ́. Òfin ọdún 1964 ti jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú lè sùn síbi tó bá wù ú, kì í ṣe dandan kó wá sí Lorraine mọ́. Ìjà tí King jà náà wà lára ohun tó kó oníbàárà Bailey lọ. Ayé! Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1982, wọ́n lu ilé náà ní gbàǹjo nítorí gbèsè. Àjọ kan rà á ní $144,000 kí ó lè di mùsíọ́mù.

Àmọ́ o, àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú ẹ̀, àwọn tí ò lówó rẹpẹtẹ. Ọdún 1988 ni wọ́n lé wọn jáde. Obìnrin kan tó ń gbé ibẹ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ̀, àfìgbà táwọn agbófinró gbé e jáde. Ó bọ́ sí òdìkejì títì, ó tẹ́ tábìlì, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀ tó ń sọ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n má wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ju pé: nítorí tálákà ni King ṣe kú, kí wọ́n fi ilé náà gba tálákà.

Mùsíọ́mù ṣí lọ́dún 1991. Èmi ò ní kí wọ́n tì í pa. Tí wọ́n bá ti wó ilé yẹn ní 1982, kí là bá máa rí lónìí? Ṣùgbọ́n mi ò lè pe obìnrin yẹn ní aláriwo, bí àwọn kan ṣe ń pè é. Ẹ̀yin tí lánlọ́ọ̀dù ti fowó kún owó ilé yín lójijì mọ ohun tó ń sọ. Ní 2002, wọ́n tún sọ ilé òdìkejì, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni apààyàn náà ti yìnbọn, di apá kan mùsíọ́mù. Owó wà fún ìyẹn. Kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n fi kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí àdúgbò kan náà. Kólẹ̀kódọ̀tí tó ń ṣiṣẹ́ ní Memphis lónìí, èló ló kù nínú owó oṣù ẹ̀ tó bá fẹ́ gba yàrá kan ní South Main?