Ojú tó ṣú lóru: kí ló ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹyinjú?

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ìyá kan tí ń ta ata ní ọjà Wàǹdó, ní Àjàṣẹ́. Ó sùn ire, ó jí ire. Nígbà tí ó fẹ́ ka owó tí ó fi pamọ́, ó rí i pé ojú ọ̀tún rẹ̀ ti ṣú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ dúdú bo apá ìsàlẹ̀ ohun tí ó ń wò. Ojú náà kò dun ún, kò pọ́n, kò sì ń ṣomi. Ọmọ rẹ̀ wò ó títí, kò rí nǹkan kan. Kí ni ìyá yóò rò? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ pé àfiṣe ni. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí àrùn tí kò ní ìrora, tí kò sì ní àpá, a máa jọ iṣẹ́ ọ̀tá.

Ẹ̀yìn ẹyinjú ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ọmọ náà kò lè rí. Awọ tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní rẹ́tínà. Òun ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Iṣan kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé, iṣan mìíràn ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ṣiṣẹ́ tán padà lọ sí ọkàn. Ẹ jẹ́ kí á pe ti àkọ́kọ́ ní iṣan àlọ, kí á pe èkejì ní iṣan àbọ̀. Iṣan àbọ̀ ni ó dí nínú ojú ìyá wa yìí.

Báwo ni ó ṣe dí? Ẹni tí ó mọ àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ mọ àwọn ọ̀nà tóóró tí ó wà láàrin ògiri sí ògiri. Bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ẹnì kan ní láti fara mọ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti iṣan méjèèjì yìí. Níbi tí wọ́n ti kọjá lórí ara wọn, awọ kan náà ni ó dì wọ́n pọ̀. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, iṣan àlọ rọ̀, kò ni èkejì lára. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà, ògiri rẹ̀ yóò nípọn, yóò sì le. Yóò wá máa tẹ iṣan àbọ̀, tí ògiri tirẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè ṣàn dáadáa níbẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá sì ṣàn a máa dì.

Ẹni tí ó ti gbé Àjàṣẹ́ ní àkókò òjò mọ ohun tí ó kù. Bí ìdọ̀tí bá dí ojú àgbàrá, omi yóò wọ ilé. Ẹ̀jẹ̀ àti omi yóò tú jáde sínú rẹ́tínà, awọ náà yóò sì wú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ka iṣan kan ni ó dí, apá kan ohun tí à ń wò ni yóò ṣú. Bí ó bá jẹ́ ìyá iṣan, níbi tí ó ti ń jáde kúrò nínú ẹyinjú, gbogbo ojú náà ni yóò ṣú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí okùnfà, kì í sì í pariwo. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn àgbàlagbà tí ó ní in káàkiri ayé ju bílíọ̀nù 1 lọ, àti pé nǹkan bí 46 nínú 100 wọn ni kò mọ̀. Àjọ náà ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí tíì kan. Magí tí a sì ń jù sínú ọbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti bu iyọ̀ sí i, iyọ̀ ni òun náà! Àtọ̀gbẹ, ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àti sìgá mímu náà ń ba ògiri iṣan jẹ́. Glókómà wà pẹ̀lú: omi inú ojú a máa ti iṣan náà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Àwọn tí ó ti lé ní ọmọ 50 ọdún ni àrùn yìí ń mú jù. Bí ó bá mú ọ̀dọ́, dókítà a máa wádìí bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń yára dì ju bí ó ti yẹ lọ.

Láti ọdún 1851, tí Hermann von Helmholtz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti kọ̀wé nípa ohun èlò tí ó fi ń wo inú ojú alààyè, ni àwọn oníṣègùn ti ń rí iṣan wọ̀nyí láì fi ọ̀bẹ kan ara. Nígbà mìíràn, dókítà ojú ni ó ń kọ́kọ́ sọ fún ènìyàn pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Omi ewé tàbí omi ṣúgà tí a bá kán sójú kò lè dé rẹ́tínà. Ó lè ba iwájú ojú jẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún ẹyinjú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kùn ún lóògùn tí kò ní jẹ́ kí ó dunni. Gbígbọ́ rẹ̀ ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n ó ń dín wíwú náà kù. Ojú àwọn kan a padà bọ̀ sípò, ti àwọn mìíràn kì í padà tán. Bí a bá fi í sílẹ̀, iṣan tuntun tí kò lágbára lè hù, kí omi inú ojú sì ga sókè láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìgbà náà ni ìrora tí a kò rí ní ìbẹ̀rẹ̀ yóò dé, èyí tí ó pọ̀.

Ojú tí ó ṣú lójijì kì í ṣe ohun tí a ń sùn lé lórí. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé-Plateau wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú sì wà ní CNHU ní Kútọnù. Wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò tilẹ̀ gba kí a jìnnà. Ilé ìwòsàn àdúgbò ń ṣe é. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ 14 lórí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ lọ bá dókítà, bí ojú yín bá tilẹ̀ ń ríran kedere.

Ó ṣeé ṣe kí ojú ìyá wa ti ṣú fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó mọ̀, nítorí ojú kejì ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Bí ẹ bá jí lọ́la, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì wo ìwé ìròyìn yìí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pààrọ̀ ọwọ́.