Ìwé Ló Ń Rìn, Èèyàn Jókòó: Bí Orílẹ̀-èdè Benin Ṣe Gbé Ọ́fíìsì Ìjọba Sórí Fóònù

Ẹni tó bá dúró ní Àgbowó, lọ́kàn-ánkán géètì Yunifásítì Ìbàdàn, kò ní í pẹ́ mọ iṣẹ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń ṣe. Ara ògiri àti pátákó ni wọ́n kọ ọ́ sí: JAMB, NIN, CAC, pásípọ́ọ̀tù, fọ́tòkọ́pì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ wọ yunifásítì ń lọ síbẹ̀, oníṣòwò tó fẹ́ forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ń lọ síbẹ̀, bàbá àgbà tí wọ́n ṣi ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọ sórí NIN náà ń lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní dátà lórí fóònù kí wọ́n tó kúrò nílé. Wàhálà tó ń lé wọn wá ni pé ọ́fíìsì ìjọba kan ní kí wọ́n mú ìwé tí ọ́fíìsì ìjọba mìíràn ti fún wọn wá. Ìjọba ló ni ìwé, ìjọba ló ń béèrè ìwé, aráàlú ló ń gbé e rù láàárín wọn.

Aládùúgbò wa ní ìwọ̀-oòrùn ti sọ ẹrù yìí kalẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Orílẹ̀-èdè Benin kò tóbi. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn níbẹ̀ ní 2013, gbogbo wọn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá àti díẹ̀. Òwú àti èbúté Kùtọ̀nù ló gbé ọrọ̀ ajé wọn ró, kì í ṣe epo rọ̀bì. Síbẹ̀, ará Kétu tó ń sọ Yorùbá bíi tiwa lè jókòó sílé, kó fi fóònù béèrè ìwé ẹ̀rí pé òun kò ní ẹjọ́ ọ̀daràn lọ́rùn, kó san owó rẹ̀ láti orí fóònù kan náà, kí ìwé náà sì bá a níbi tó wà. Ẹni tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ń gba ojúlé monentreprise.bj. UNCTAD, ẹ̀ka Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò àti ìdàgbàsókè, tó bá wọn ṣe ojúlé náà, sọ pé láàárín wákàtí méjì ni ìwé iléeṣẹ́ lè tẹ èèyàn lọ́wọ́, ó sì ka Benin mọ́ àwọn ibi tó yá jù lọ láyé lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì ni ojú ń rí. Òun ló sì dé kẹ́yìn nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ

Oṣù Kẹrin 2016 ni Patrice Talon, tó ti fi òwú ṣòwò kó tó dé ipò, di ààrẹ Benin. Nígbà tí ọdún yẹn yóò fi parí, ìjọba rẹ̀ ti gbé ètò ọdún márùn-ún kan jáde, wọ́n pè é ní Bénin Révélé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n gbé ka iwájú. Ṣùgbọ́n kò sí bí ìjọba ṣe lè fi íntánẹ́ẹ̀tì bá èèyàn ṣe pọ̀ tí kò bá mọ ẹni náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé tí ẹlòmíràn sì ní, orúkọ inú rẹ̀ kò bá ti inú ìwé kejì mu.

Òfin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 2017, wọ́n ṣe òfin lórí ìdánimọ̀ èèyàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ètò ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RAVIP bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọ ìlú àti abúlé, wọ́n ń kọ orúkọ, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gba ìtẹ̀ka. Iṣẹ́ náà wọ 2018 kó tó parí. Nínú àkọsílẹ̀ yìí ni ANIP, àjọ tó ń rí sí ìdánimọ̀ níbẹ̀, ti ń fún oníkálukú ní nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Òfin kejì dé ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2018. Ìwé òfin ńlá ni, gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ló wà nínú rẹ̀. Ó sọ pé ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ lè dúró níwájú òfin bíi ti orí bébà. Ó sọ bí ẹni tó bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa èèyàn ṣe gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀, àti ìyà tó tọ́ sí ẹni tó bá jí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Bí adájọ́ tàbí ilé ìfowópamọ́ bá lè wo ìwé tó ti inú fóònù jáde kó ní òun kò mọ̀ ọ́n, asán ni gbogbo làálàá. Nígbà náà, Aurélie Adam Soulé Zoumarou ti wà nípò mínísítà fún ọrọ̀ ajé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù Kẹwàá 2017 ló gba ipò náà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ irú èyí kì í fẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ̀gá lọ́dọọdún.

Ọgbọ́n tó ti Tallinn wá

Benin kò dá ọgbọ́n náà dá. Wọ́n lọ bá Estonia, orílẹ̀-èdè kan ní àríwá Yúróòpù tí èèyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí kò tó èrò Ìbàdàn. Nígbà tí Estonia bọ́ lábẹ́ Soviet ní 1991, owó kò sí lápò ìjọba láti gba akọ̀wé rẹpẹtẹ. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Ní 2001, wọ́n ṣe ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní X-Road. Ní 2002, káàdì ìdánimọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Ní 2005, wọ́n ti ń dìbò lórí rẹ̀.

X-Road yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ tó wúlò jù fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Estonia kò kó gbogbo àkọsílẹ̀ nípa aráàlú sínú àká kan ṣoṣo, nítorí wọ́n ti mọ ewu tó wà nínú kí ẹnì kan jí kọ́kọ́rọ́ kan kó sì ríran wo gbogbo ilé. Iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan tọ́jú tirẹ̀ sọ́dọ̀. Bí agboolé ló rí: oníkálukú ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, ẹni tó bá sì gba ibẹ̀ kọjá, ojú ti rí i. Bí ọ́fíìsì owó orí bá fẹ́ mọ ibi tí ẹnì kan ń gbé, ó béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ní àkọsílẹ̀ náà. Ẹ̀rọ yóò wò ó bóyá òfin fún un láṣẹ láti béèrè, yóò dáhùn, yóò sì kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó béèrè. Ìlànà kan tún wà tó gbé gbogbo rẹ̀ ró: ohun tí ìjọba bá ti mọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má tún fi da aráàlú láàmú lẹ́ẹ̀kejì.

Àjọ kan tó wà ní Tallinn, olú ìlú Estonia, tí wọ́n ń pè ní e-Governance Academy, ló bá Benin ṣe ètò náà. Cybernetica, iléeṣẹ́ tó lọ́wọ́ nínú X-Road, ló fún wọn ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Benin fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó gba sùúrù jù kò jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n ní láti gba iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ, kí wọ́n béèrè pé: kí ni ẹ ń ṣe fún aráàlú? Ìwé wo ni ẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn? Èló ni? Ọjọ́ mélòó ló ń gbà? Ìdáhùn wọn ni wọ́n tò sórí ojúlé service-public.bj, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta 2020. Kódà níbi tí ohun náà kò tíì ṣeé ṣe tán lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye owó rẹ̀ àti ìwé tó yẹ kí èèyàn mú dání ti wà ní gbangba. Owó tí gbogbo ayé ti mọ iye rẹ̀ kì í rọrùn fún akọ̀wé láti bù lé.

Oṣù kan náà ni àrùn kòrónà wọ Benin. Ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì ń tì, ìlẹ̀kùn tuntun ti ṣí.

Ọwọ́ kan náà tó ń kọ́, òun ló ń wó

Kò yẹ kí a sọ ìtàn yìí bíi pé ohun gbogbo lọ déédéé. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ìjọba kan náà tó ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé owó orí lé WhatsApp, Facebook àti irú wọn: fáránkì márùn-ún ti CFA lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ fárígá, wọ́n pariwo rẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára kan náà, ìjọba sì tètè fagi lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2019, ọjọ́ ìbò ilé aṣòfin tí ẹgbẹ́ alátakò kankan kò sí nínú rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹni tí gbogbo ìwé rẹ̀ bá wà lórí fóònù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé ta ló mú bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á dání.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà nílẹ̀. Faransé ni èdè iṣẹ́ ìjọba Benin. Ìyá tó ń ta gàrí ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tí kò kà á lè ní fóònù, kó ní owó lórí rẹ̀, kó ṣì máa wá ọmọ tó máa bá a tẹ̀ ẹ́.

Tógò, tó bá Benin pààlà, gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé lé àwọn oníṣòwò kúrò nígboro Lomé, iléeṣẹ́ mínísítà ọrọ̀ ajé orí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, Cina Lawson, bẹ̀rẹ̀ ètò owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Novissi ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2020. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó fún un. Èèyàn á tẹ *855#, á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i, bí iṣẹ́ tó ń ṣe bá wà lára èyí tí ètò náà wà fún, owó á wọlé sórí fóònù rẹ̀. Nígbà náà, obìnrin ń gba fáránkì 12,250 lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Lẹ́yìn náà, wọ́n bá àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà ṣe pọ̀, wọ́n fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà látòkè àti àkọsílẹ̀ ìlò fóònù mọ àwọn tí ìyà ń jẹ jù ní ìgbèríko. Tógò kò tíì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún gbogbo èèyàn nígbà náà. Ìwé orúkọ olùdìbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ni wọ́n gbára lé. Ìyẹn ló mú kó yá. Òun náà ló sì mú kí ẹni tí kò ní káàdì ìdìbò máa wo ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ìbàdàn ńkọ́?

Kò yẹ kí ẹ̀kọ́ pé ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ mọ àwọn èèyàn rẹ̀ ṣàjèjì sí ìlú wa. Ní oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí láti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Nǹkan bí 456,000 ọmọ ló wà níléèwé ní 1954. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Àwọn tó wá ju àwọn tí ìjọba ti ṣírò sílẹ̀ lọ jìnnà, tíṣà kò tó, kíláàsì kò tó. Ètò náà dára, ó sì sọ ilẹ̀ Yorùbá di ohun tó dà lónìí. Ṣùgbọ́n ìjọba ti rí i pé èèyàn kò lè gbọ́únjẹ dé ìwọ̀n fún àlejò tí kò mọ iye wọn.

Lónìí, kíkọ orúkọ kọ́ ni ìṣòro wa. Òfin tó dá NIMC, àjọ tó ń fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, sílẹ̀ ti wà láti 2007. Nọ́ńbà BVN ti àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo èèyàn so NIN mọ́ laìnì fóònù, àwọn èrò sì tò lọ bẹẹrẹbẹ lásìkò tí àrùn kòrónà ṣì wà níta. A tẹ ìka fún báńkì, a tẹ ẹ́ fún INEC, a tẹ ẹ́ fún àwọn tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù, a tẹ ẹ́ fún ìwé ìwakọ̀, a tún tẹ ẹ́ fún NIN. Ìka mẹ́wàá kan náà ni. Benin kọ orúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó wá fi ọ̀pọ̀ ọdún la ọ̀nà láàárín àwọn ọ́fíìsì. Àwa kọ orúkọ lọ́pọ̀ ìgbà, a kò la ọ̀nà.

Àwọn kan yóò sọ pé Nàìjíríà ti tóbi jù, ìjọba ibẹ̀ sì pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Òótọ́ ni. Gómìnà Ọ̀yọ́ kò lè pàṣẹ fún NIMC tàbí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kì í ṣe kékeré: C of O ilẹ̀, owó orí ẹni tó ń dá iṣẹ́ ṣe, àkọsílẹ̀ iléèwé ìjọba, ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀. Iye èèyàn Ọ̀yọ́ nígbà ìkànìyàn 2006 ju ìlọ́po mẹ́rin Estonia lọ, èyí tó pọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣètò nǹkan wọ̀nyí sì wà ní Sẹkitéríàtì kan náà ní Agodi. Ẹni tó ń gbé fáìlì láti ọ́fíìsì kan sí èkejì níbẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín.

Nítorí náà, kò yẹ kí a fi rírà kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni kí Ilé Aṣòfin Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ ṣe: ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ìwé tí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ mìíràn ti ní lọ́wọ́ aráàlú mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ báyìí. Bí ọjọ́ yẹn bá ti ń sún mọ́lé, tí ọ̀gá ọ́fíìsì sì mọ̀ pé òun ni òfin máa mú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá onímọ̀ ẹ̀rọ lọ.