Yíìsì: Abiyamọ Tó Ń Fi Ara Ka Ọmọ

Ní ìdájí, kí ariwo ọlọ́kọ̀ tó gba Ṣàngó Ọ̀tà kan, iṣẹ́ ti wọ àwọn oníbúrẹ́dì lára. Wọ́n ti po ìyẹ̀fun mọ́ omi, iyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n ti gé e sínú agolo, wọ́n sì ti fi í sílẹ̀. Ohun tí kò ju ìdajì agolo lọ yóò wú dé etí. Yíìsì ló ń ṣe é, èyí tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ìwúkàrà.

Ẹni tó bá rí i nínú páálí lè rò pé ẹbu lásán ni. Rárá o, ohun ẹlẹ́mìí tó ń sùn ni. Saccharomyces cerevisiae ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ìbátan olú inú igbó ni, ìbátan ohun tó ń mú búrẹ́dì bu sì ni pẹ̀lú. Gíráàmù kan ṣoṣo gba ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù wọn.

Lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí roboto bí ẹyin. Bí a bá to 100 sí 200 wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìlà wọn kò ju mìlímítà kan lọ. Abẹ́rẹ́ kéré ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ògiri tó nípọn yí i ká. Nínú rẹ̀ ni àpò omi ńlá wà, àti kóró tí okùn ìran 16 wé sí. Ní 1996 ni àwọn onímọ̀ ka ohun tó wà nínú gbogbo okùn náà tán. Òun ni ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní kóró bíi tiwa.

Ìbímọ rẹ̀ ló wù mí jù. Ara ìyá á yọ kókó kan. Kókó á máa tóbi, kóró ìyá á pín, ìdajì á bọ́ sínú ọmọ, ọmọ á sì já. Bí oúnjẹ àti ooru bá tó, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ojú ibi tó já á di àpá róbótó, irú ohun tó wà lára èèpo akàn ló sì mú un le. Ìyá kì í bímọ lójú àpá náà mọ́. Lẹ́yìn bí 20 sí 30 ọmọ, ó parí. Ẹni tó bá ka àpá ti ka ọmọ.

Ṣúgà ni oúnjẹ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọtí ló ń tú jáde. Ní ilé ìpọntí, yíìsì ló ń sọ omi ọkà di bíà. Nínú akèrègbè adẹ́mu, kò sẹ́ni tó bù ú sí i, síbẹ̀ ẹmu tó dùn láàárọ̀ ti le nírọ̀lẹ́. Ní 1857 ni Louis Pasteur, ará Faransé, kéde pé iṣẹ́ ohun ẹlẹ́mìí ni sísọ ṣúgà di ọtí. Àwọn baba wa ti ń mu ẹmu tipẹ́.

Ní ti yíìsì inú búrẹ́dì, iná ààrò ló ń pa gbogbo wọn. Tí o bá fa búrẹ́dì ya lónìí, wo àwọn ihò wẹẹrẹ inú rẹ̀ kí o tó jẹ ẹ́. Èémí wọn ló ṣẹ́kù níbẹ̀.